Sáfà Àtijọ́ Tó Ń Fà: Èwo Ni Kí Ẹ Kọ́kọ́ Náwó Lé Lórí?

Ọ̀pọ̀ ilé-ẹ̀kọ́ aládàáni, ilé ìwòsàn, ẹgbẹ́ aláfọwọ́sowọ́pọ̀ àti ilé ìtajà ńlá ní Ìjẹ̀bú-Òde, Ìjẹ̀bú-Igbó, Ṣágámù àti Ìlíṣàn ni iṣẹ́ wọn rọ̀ mọ́ sáfà kan ṣoṣo (kọ̀ǹpútà àgbà tí àwọn kọ̀ǹpútà yòókù ń bá ṣiṣẹ́), tí wọ́n rà ní tòkunbọ̀ ní Computer Village ní Ìkẹjà, tí wọn kò sì fọwọ́ kàn án mọ́ láti ọjọ́ tó ti dé. Nígbà tí ó bá bẹ̀rẹ̀ sí í fà, tí akọ̀wé tẹ bọ́tìnnì tí ojú kọ̀ǹpútà kàn ń wò ó, ọ̀rọ̀ méjì ni ẹ ó máa gbọ́. Àwọn kan yóò ní kí ẹ fi RAM (ìrántí tí sáfà fi ń ṣiṣẹ́ lọ́wọ́) kún un, àwọn mìíràn yóò ní kí ẹ ra tuntun. Méjèèjì lè jẹ́ òótọ́, méjèèjì sì lè gba owó lọ́wọ́ yín lásán.

Ọ̀nà márùn-ún ni mo fẹ́ fi wéra níhìn-ín: kí ẹ fi RAM kún un, kí ẹ pààrọ̀ dísìkì rẹ̀ sí SSD (dísìkì tí kò ní ohun tó ń yí), kí ẹ pààrọ̀ prósẹ́sọ̀ rẹ̀ (ọpọlọ tó ń ṣe ìṣirò), kí ẹ ra sáfà tòkunbọ̀ mìíràn tí ọjọ́ orí rẹ̀ kéré sí i, tàbí kí ẹ kó iṣẹ́ náà lọ sórí sáfà tí a ń yá lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Kí ọ̀rọ̀ má bàa fò lórí, Dell PowerEdge R720 àti HP ProLiant DL380p Gen8 ni n ó máa fi ṣe àpẹẹrẹ. Ọdún 2012 ni àwọn méjèèjì jáde, Xeon E5-2600 ni prósẹ́sọ̀ wọn, DDR3 sì ni RAM wọn, tó fi jẹ́ pé ohun tí mo bá sọ nípa ọ̀kan kò ní jìnnà sí èkejì.

Ohun tí a ó fi wọ̀n wọ́n

Ìbéèrè àkọ́kọ́ ni ibi tí sáfà náà ti ń fà gan-an, nítorí àtúnṣe tí kò bá kan ibẹ̀ kò ní yí ohunkóhun padà, bó ti wù kó wọ́n tó. Ìkejì ni àpapọ̀ iye tí yóò ná yín, kì í ṣe iye tí ẹni tó ń tà á pè nìkan: owó láísẹ́ńsì (àṣẹ láti lo ètò kọ̀ǹpútà) wà níbẹ̀, owó iṣẹ́ ẹni tí yóò fi í sí i wà níbẹ̀, owó iná náà sì wà níbẹ̀. Ìkẹta ni bóyá ohun tí ẹ rà lè bá yín lọ sínú sáfà mìíràn lọ́jọ́ tí èyí bá kú. Mo ka ìbéèrè kẹta yìí sí pàtàkì ju bí àwọn tó ń tajà ṣe ń kà á sí lọ, nítorí sáfà tó ti lé ní ọdún 10 kò ní pẹ́ béèrè àrọ́pò, gbogbo owó tí a bá sì rì mọ́ ara rẹ̀ yóò bá a lọ. Ìkẹrin ni bí iṣẹ́ yóò ṣe dúró pẹ́ tó nígbà tí àtúnṣe ń lọ, àti ewu tí àtúnṣe náà lè kó bá àkọsílẹ̀ yín.

Ọ̀rọ̀ iná ni ọ̀pọ̀ ènìyàn kì í kà mọ́ owó sáfà, bẹ́ẹ̀ ó sì yẹ kí a kà á. Sáfà tó bá ń jẹ 200 wáàtì, tí a kò sì pa á rárá, yóò jẹ yúnìtì 4.8 lójúmọ́. Bí a bá ka yúnìtì kan sí 200 náírà, 960 náírà nìyẹn lójoojúmọ́, èyí tí í ṣe 28,800 náírà ní ọjọ́ 30, kí a tó dé orí epo jẹnẹrétọ̀ àti bátìrì ínfátà. Iye tí mo lò yìí kì í ṣe àsọdùn: ní oṣù kẹrin ọdún 2024, 225 náírà ni wọ́n gbé yúnìtì kan sí fún àwọn tó wà ní Band A, ìyẹn àwọn tó ń rí iná jù lọ.

Ẹ wo ibi tó ti ń fà kí ẹ tó ná kọ́bọ̀

Ìgbà tí iṣẹ́ bá pọ̀ jù lọ ni kí ẹ wò ó. Fún ilé-ẹ̀kọ́, ọ̀sẹ̀ tí àwọn olùkọ́ ń kọ máàkì sínú kọ̀ǹpútà ni. Fún ẹgbẹ́ aláfọwọ́sowọ́pọ̀, ìparí oṣù ni, nígbà tí owó àjọ àti owó ẹ̀yáwó ń wọlé pọ̀. Bí sáfà yín bá ń lo Windows, ẹ ṣí Task Manager, kí ẹ sì ti ibẹ̀ wọ Resource Monitor. Bó bá jẹ́ Linux, àṣẹ top, free -h àti iostat -x yóò fi ohun kan náà hàn.

Bí prósẹ́sọ̀ bá ń wà lókè 90% fún ìgbà pípẹ́, prósẹ́sọ̀ ni ẹ̀sùn náà kàn. Bí RAM bá kún, tí sáfà sì ń kó ohun tó yẹ kó wà nínú RAM lọ sórí dísìkì léraléra, RAM ló kéré. Ṣùgbọ́n bí dísìkì bá wà ní 100% nígbà tí prósẹ́sọ̀ kò kọjá 15%, tí RAM sì ṣì ṣẹ́kù, dísìkì ló ń dá gbogbo ilé dúró. Ohun tí mo sábà máa ń rí nínú àwọn ọ́fíìsì agbègbè wa nìyí. Ẹ wo àkókò tí dísìkì fi ń dáhùn pẹ̀lú. Bó bá ń lé ní ìdá 20 nínú 1,000 ìṣẹ́jú-àáyá nígbà gbogbo, ó ti ń ṣòro fún un. Ẹ kíyè sára, nítorí àìtó RAM lè wọ aṣọ dísìkì: ohun tó kún àkúnwọ́sílẹ̀ nínú RAM, orí dísìkì ló ń lọ, nítorí náà ẹ má ṣe dájọ́ láìwo àwọn méjèèjì pọ̀.

Bí gbogbo rẹ̀ bá dákẹ́ jẹ́ẹ́ tí àwọn òṣìṣẹ́ ṣì ń ráhùn, nẹ́tíwọ̀kì ni kí ẹ yẹ̀ wò. Switch (àpótí tó so àwọn kọ̀ǹpútà pọ̀) àtijọ́ tó jẹ́ 100 mẹ́gábíìtì kò lè gbé ju bíi mẹ́gábáìtì 12 lọ ní ìṣẹ́jú-àáyá kan, èyí tí gbogbo ọ́fíìsì yóò máa pín. Ẹ ra èyí tó jẹ́ gígábíìtì, kí ẹ pààrọ̀ kéébù tó ti já, ọ̀rọ̀ náà sì lè parí síbẹ̀.

Ohun kan tún wà tí mo fẹ́ kí ẹ yẹ̀ wò dáadáa. Nínú ọ̀pọ̀ sáfà Dell àti HP, káàdì kan wà tó ń ṣàkóso àwọn dísìkì, tí wọ́n ń pè ní RAID controller. PERC H710 tó wà nínú ọ̀pọ̀ R720 ní 512 MB ìrántí tirẹ̀. Bí ètò kọ̀ǹpútà bá kọ nǹkan ránṣẹ́, káàdì yìí yóò gbà á sínú ìrántí náà, yóò dáhùn lójú ẹsẹ̀ pé òun ti gbà á, lẹ́yìn náà ni yóò wá rọra kọ ọ́ sórí dísìkì. Bátìrì kékeré kan tó so mọ́ káàdì náà ni kì í jẹ́ kí ohun tó wà nínú ìrántí yẹn sọnù bí iná bá lọ. Nígbà tí bátìrì yìí bá kú, káàdì náà kò ní gbà kí ewu wọlé: yóò dẹ́kun gbígba nǹkan sínú ìrántí, yóò sì máa dúró de dísìkì fún gbogbo ohun tí a bá kọ. Sáfà tó ń sáré lánàá yóò kàn bẹ̀rẹ̀ sí í wọ́ra, gbogbo ènìyàn yóò sì sọ pé ó ti darúgbó. Ẹ wo ìkìlọ̀ tó ń jáde nígbà tí sáfà ń tàn, tàbí kí ẹ wọ iDRAC (ojú ìṣàkóso tí Dell fi sínú sáfà; iLO ni ti HP) lọ wo ipò bátìrì náà. Kò sí àtúnṣe tó dínwó tó èyí nínú gbogbo ohun tí n ó sọ lónìí. Bó bá sì jẹ́ PERC H310 ló wà nínú tiyín, ẹ mọ̀ pé kò ní ìrántí yẹn rárá láti ilẹ̀ wá.

Ẹ ṣí i pẹ̀lú, kí ẹ wo eruku. Lẹ́yìn ọyẹ́, eruku á ti di búlẹ́ńkẹ́ẹ̀tì sórí irin tó ń fa ooru kúrò lára prósẹ́sọ̀, fáànù á máa ké, prósẹ́sọ̀ á sì dín eré rẹ̀ kù fúnra rẹ̀ kí ó má bàa jó. Atẹ́gùn tó ń wọ inú R720 kò yẹ kó gbóná ju 35°C lọ. Yàrá kékeré tí kò ní AC, tí òrùlé páànù wà lórí rẹ̀, lè kọjá bẹ́ẹ̀ ní ọ̀sán oṣù kẹta.

Fífi RAM kún un

Èyí ni ó rọrùn jù. RAM DDR3 tòkunbọ̀ fún sáfà pọ̀ lọ́jà, owó rẹ̀ kò ga mọ́ nítorí pé àwọn ilé-iṣẹ́ ńlá ti kúrò lórí rẹ̀, iṣẹ́ náà kò sì yẹ kó dúró ju bíi ìdajì wákàtí lọ. Bí ó bá jẹ́ pé RAM ló kéré lóòótọ́, ẹ ó rí ìyàtọ̀ lọ́jọ́ náà gan-an.

Àmọ́ ó ní òfin tirẹ̀. R720 ní ojú ihò RAM 24, ṣùgbọ́n bí prósẹ́sọ̀ kan ṣoṣo bá wà nínú rẹ̀, 12 péré ló ń ṣiṣẹ́. Ẹ má lọ ra RAM tí kò ní rí ibi jókòó. Oríṣi RAM tí wọ́n ń pè ní RDIMM kò gbọdọ̀ dà pọ̀ mọ́ oríṣi UDIMM, RAM kọ̀ǹpútà orí tábìlì tí ẹ ní nílé kò sì ní ṣiṣẹ́ pọ̀ mọ́ ti sáfà. Ọ̀nà mẹ́rin ni prósẹ́sọ̀ kọ̀ọ̀kan fi ń bá RAM sọ̀rọ̀, nítorí náà ẹyọ mẹ́rin-mẹ́rin tó dọ́gba ni kí ẹ máa fi sí i. Bí ẹ bá sì fi ẹyọ mẹ́ta sórí ọ̀nà kan, eré gbogbo wọn lè dín kù.

Ohun tó ń dun ọ̀pọ̀ ènìyàn lẹ́yìn tí wọ́n bá ti ra RAM tán ni pé sáfà kò yára sí i. Ó sábà máa ń jẹ́ pé ètò tí wọ́n ń lò kò mọ̀ pé RAM tuntun dé. MySQL, ètò dátábéèsì (àkójọ àkọsílẹ̀) tí ọ̀pọ̀ ètò ilé-ẹ̀kọ́ ń lò, máa ń bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú innodb_buffer_pool_size, ìyẹn iye RAM tó ń lò fún dátà, tí kò ju 128 MB lọ. Bí ẹnikẹ́ni kò bá gbé iye yẹn sókè, ẹ lè fi 64 GB kún un, kí èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀ máa wo yín lójú. Bí ó bá sì jẹ́ SQL Server Express, tí í ṣe ètò dátábéèsì ọ̀fẹ́ ti Microsoft, ni ètò ìṣirò owó yín ń lò, kò ní lo ju 1,410 MB lọ fún dátà tó ń tọ́jú sínú RAM, kò ní lo ju core (ọwọ́ ìṣiṣẹ́ inú prósẹ́sọ̀) mẹ́rin lọ, dátábéèsì rẹ̀ kò sì gbọdọ̀ kọjá 10 GB nínú àwọn ẹ̀dà títí dé ti ọdún 2022. Ẹ béèrè lọ́wọ́ ẹni tó ṣe ètò náà fún yín kí ẹ tó rìnrìn àjò lọ sí Ìkẹjà.

Ní ti ìbéèrè kẹta wa, RAM kò lè bá yín lọ. DDR3 kò wọ inú R730 tó tẹ̀lé R720, nítorí DDR4 ni ìyẹn ń lò. Nítorí náà, bí ẹ bá ti ní 16 GB, ẹ fi kún un dé 32 tàbí 64, kí ẹ sì dúró síbẹ̀.

Pípààrọ̀ dísìkì sí SSD

Bí ẹ bá bi mí pé èwo nínú àwọn ọ̀nà márùn-ún yìí ló sábà máa ń yanjú ọ̀rọ̀ àwọn ọ́fíìsì tó wà láàárín Ìjẹ̀bú-Òde sí Ṣágámù, èyí ni. Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀ kí ó má bàa dà bí ọ̀rọ̀ ẹnu. Dísìkì tó ń yí ní ìgbà 7,200 ní ìṣẹ́jú kan ń yí ní ìgbà 120 ní ìṣẹ́jú-àáyá kan. Kí ó tó lè ka nǹkan, apá rẹ̀ yóò kọ́kọ́ rìn lọ síbi tó yẹ, yóò sì dúró kí ibi náà yí dé abẹ́ òun. Àpapọ̀ ìrìn àti ìdúró yìí jẹ́ bíi ìdá 12 sí 13 nínú 1,000 ìṣẹ́jú-àáyá, èyí tó túmọ̀ sí pé dísìkì kan kò lè ṣe ju bíi iṣẹ́ 80 lọ ní ìṣẹ́jú-àáyá kan bí àwọn iṣẹ́ náà bá wà káàkiri orí rẹ̀. Ó dà bí akọ̀wé kan ṣoṣo tó ń wá káàdì fún gbogbo aláìsàn ní ilé ìwòsàn: kò lọ́ra, ṣùgbọ́n ìgbà tí ènìyàn bá ti pọ̀ lójú fèrèsé, ìlà yóò gùn. Àwọn dísìkì sáfà tí wọ́n ń pè ní SAS, tó ń yí ní ìgbà 10,000 tàbí 15,000 sàn díẹ̀, wọn kò sì ju bíi ìlọ́po méjì èyí lọ. SSD kò ní ohun tó ń yí, kò ní apá tó ń rìn. Èyí tó tilẹ̀ rẹlẹ̀ nínú wọn ń ṣe ẹgbẹẹgbẹ̀rún mẹ́wàá-mẹ́wàá irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ ní ìṣẹ́jú-àáyá kan. Kò sí ohun mìíràn tí ẹ lè fi sínú sáfà ọdún 2012 tí yóò fún yín ní irú ìyàtọ̀ yìí.

Kì í ṣe gbogbo SSD ló yẹ fún sáfà o. Èyí tí wọ́n ṣe fún laptop àti èyí tí wọ́n ṣe fún sáfà lè jọra lójú, kí iye GB wọn sì dọ́gba. Ìyàtọ̀ àkọ́kọ́ ni pé èyí tí wọ́n ṣe fún sáfà sábà máa ń ní kàpásítọ̀ nínú, tó ń fún un ní ìwọ̀nba iná láti parí ohun tó ń kọ nígbà tí NEPA bá mú iná lójijì. Èyí tí kò ní in lè pàdánù ohun tó ti sọ pé òun ti kọ sílẹ̀, dátábéèsì á sì bàjẹ́ láìsí ẹni tó mọ̀ títí di ọjọ́ tí wọ́n bá wá orúkọ kan tí wọn kò rí i. Ní ibi tí iná ti ń lọ tó ń bọ̀ bíi tiwa, mo ka kàpásítọ̀ yìí sí ohun tí a kò gbọdọ̀ yọ kúrò nínú ìnáwó, kódà bí UPS bá wà, nítorí bátìrì UPS náà ń kú láìsọ fún ẹnikẹ́ni.

Ìyàtọ̀ kejì ni iye tí a lè kọ sórí rẹ̀ kí ó tó gbó. Samsung 870 EVO tó jẹ́ 1 TB, tí wọ́n ṣe fún kọ̀ǹpútà ara ẹni, ní ìdánilójú 600 TB láti ọwọ́ ilé-iṣẹ́ tó ṣe é. SSD sáfà tó jẹ́ 960 GB, tí ìdánilójú rẹ̀ bá jẹ́ pé a lè kọ ọ́ kún lẹ́ẹ̀kan lójúmọ́ fún ọdún 5, yóò gba bíi 1,752 TB. Fún ilé-ẹ̀kọ́ kékeré, 600 TB lè má tán láé. Fún ilé ìtajà tí ẹ̀rọ ìgbowó rẹ̀ ń kọ nǹkan láti àárọ̀ di alẹ́, ẹ ra ti sáfà.

Méjì ni kí ẹ rà, kí ẹ sì so wọ́n pọ̀ ní RAID 1, tí ohun tó wà lórí ọ̀kan yóò wà lórí èkejì. Bí ọ̀kan bá kú ní ọjọ́ Ẹtì, iṣẹ́ yóò máa lọ títí ẹ ó fi rí òmíràn rà ní ọjọ́ Ajé. Kí ẹ má sì gbàgbé pé RAID kì í ṣe ẹ̀dà ìpamọ́: ohun tí ẹnì kan bá ṣèèṣì pa rẹ́, orí méjèèjì ni yóò ti parẹ́ pọ̀. R720 kò ní ju 6 gígábíìtì lọ lórí okùn SATA, èyí tó ń fúnni ní bíi mẹ́gábáìtì 550 ní ìṣẹ́jú-àáyá kan, ó sì tó. Àwọn kan yóò gbà yín níyànjú pé kí ẹ fi NVMe (SSD tó yára ju ti SATA lọ) sí i nípasẹ̀ káàdì PCIe. Ó ń ṣiṣẹ́ fún ìpamọ́ dátà, ṣùgbọ́n R720 kò mọ bí a ṣe ń tàn láti orí rẹ̀ fúnra rẹ̀, wàhálà rẹ̀ kò sì tó èrè rẹ̀ fún ọ́fíìsì kékeré.

Ọjà tòkunbọ̀ àti ayédèrú pọ̀ nínú SSD. Ẹ fi CrystalDiskInfo tàbí smartctl wò ó níwájú ẹni tó ń tà á: iye wákàtí tó ti ṣiṣẹ́ àti ìdá tó ṣẹ́kù nínú ayé rẹ̀ yóò hàn. Èyí tí wọ́n pè ní tuntun tó sì ti ṣiṣẹ́ fún wákàtí 20,000 kì í ṣe tuntun.

Ewu tó wà níbẹ̀ ni pé ẹ ó kó gbogbo àkọsílẹ̀ láti ibì kan lọ síbòmíràn. Ẹ fi òpin ọ̀sẹ̀ kan sílẹ̀ fún un, ẹ kó ẹ̀dà ìpamọ́ sí ibi méjì, ẹ ṣí ẹ̀dà náà lórí kọ̀ǹpútà mìíràn kí ẹ rí i pé ó ń ṣí, kí ẹ sì tọ́jú àwọn dísìkì àtijọ́ láìfọwọ́ kàn wọ́n fún bíi oṣù kan. Àwọn kan ní Ìjẹ̀bú-Òde fẹ́ràn láti fi irú iṣẹ́ yìí sí ọjọ́ Ojúde Ọba nítorí pé ọ́fíìsì kì í ṣí. Èmi kò fara mọ́ ọn, torí bí ohun kan bá ṣẹlẹ̀ lọ́jọ́ náà, ẹni tí ẹ ó pè náà ti wà láàárín àwọn rẹgbẹ́rẹgbẹ́.

SSD SATA yìí ló lè bá yín lọ. Ẹ lè yọ ọ́ kúrò nínú R720 lónìí kí ẹ fi sínú sáfà mìíràn lọ́dún tó ń bọ̀, bí ẹ bá ti rí férémù rẹ̀ tó bá ti sáfà tuntun náà mu.

Pípààrọ̀ prósẹ́sọ̀

Prósẹ́sọ̀ àtijọ́ kò wọ́n, ìdí nìyẹn tí àwọn ènìyàn fi máa ń sáré sí i. Ẹni tó ní E5-2620 tó ní core 6 ní 2.0 GHz lè pààrọ̀ rẹ̀ sí E5-2650 v2 tó ní core 8 ní 2.6 GHz, wáàtì 95 kan náà sì ni àwọn méjèèjì. Èyí tó ga jù bẹ́ẹ̀, E5-2697 v2, ní core 12, ṣùgbọ́n ó ń jẹ wáàtì 130, ó sì lè béèrè irin ìfàgbóná mìíràn. Ẹ gbọ́dọ̀ sọ BIOS (ètò tó ń tan sáfà) di tuntun kí ẹ tó yọ ti àtijọ́, nítorí BIOS ìbẹ̀rẹ̀ kò mọ v2.

Ibi tí ọkàn mi kì í balẹ̀ sí ni ihò tí prósẹ́sọ̀ ń jókòó sí. Lórí LGA 2011, tí í ṣe orúkọ irú ihò yìí, ara pátákó ni àwọn abẹ́rẹ́ wẹ́wẹ́ náà wà, kì í ṣe ara prósẹ́sọ̀. Bí ọwọ́ bá yẹ̀ tí ọ̀kan tẹ̀, gbogbo ọ̀nà RAM kan lè kú, pátákó odidi ni ẹ ó sì máa wá. Láísẹ́ńsì náà wà níbẹ̀: láti Windows Server 2016 ni Microsoft ti ń ka core, tí iye tó kéré jù fún sáfà kan jẹ́ 16. Prósẹ́sọ̀ méjì tó ní core 12 jẹ́ 24, owó láísẹ́ńsì yóò sì gòkè bá a.

Bí sáfà yín bá ń gbé kọ̀ǹpútà àfarajọ (virtual machine) mélòó kan lẹ́ẹ̀kan náà, tàbí tí àwọn òṣìṣẹ́ púpọ̀ ń ṣiṣẹ́ lórí rẹ̀ nípasẹ̀ Remote Desktop, tí ẹ sì ti rí i lójú yín pé prósẹ́sọ̀ ń wà lókè 90%, ẹ ṣe é. Bí kò bá jẹ́ bẹ́ẹ̀, a kì í fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀ pa làpálàpá. Òun náà kò lè bá yín lọ sínú sáfà tó tẹ̀ lé e.

Sáfà tòkunbọ̀ tí ọjọ́ orí rẹ̀ kéré sí i

Owó tó ń jáde lẹ́ẹ̀kan náà níhìn-ín ló pọ̀ jù nínú gbogbo ohun tí a ti mẹ́nu bà. Ohun tí ẹ ó rí gbà ni ara tuntun díẹ̀, RAM DDR4, àti ọdún mélòó kan sí i tí ẹ ó fi rí ẹ̀yà ara rẹ̀ rà. R730 jáde ní ọdún 2014. R740 àti DL380 Gen10 jáde ní ọdún 2017. Bí owó yín bá dé orí ti ọdún 2017, ẹ má ṣe dúró lórí ti 2014.

Ọ̀pọ̀ ń ra sáfà mìíràn nítorí pé Windows tí wọ́n ń lò ti dópin. Òótọ́ ni pé Microsoft dẹ́kun àtúnṣe ààbò ọ̀fẹ́ fún Windows Server 2012 R2 ní ọjọ́ 10, oṣù kẹwàá, ọdún 2023, àti pé CentOS 7, tí í ṣe irú Linux kan, dópin ní ọjọ́ 30, oṣù kẹfà, ọdún 2024. Ilé ìwòsàn tó ń tọ́jú àkọsílẹ̀ aláìsàn lórí ètò tí kò sẹ́ni tó ń tún ààbò rẹ̀ ṣe mọ́ ń fi ara rẹ̀ wewu, pàápàá lẹ́yìn tí Òfin Ìdáàbòbò Dátà ti Nàìjíríà ti di òfin ní oṣù kẹfà ọdún 2023. Ṣùgbọ́n ètò ni ó dópin níhìn-ín, irin kọ́. Ọ̀pọ̀ Linux tuntun ń ṣiṣẹ́ dáadáa lórí R720, nítorí náà ẹ ya ọ̀rọ̀ méjèèjì sọ́tọ̀ kí ẹ tó náwó.

Ohun tí mo rò pé àwọn ọ́fíìsì kékeré máa ń gbójú fò ni pé kò di dandan kí sáfà tuntun wọn tóbi tó ti àtijọ́. Fún òṣìṣẹ́ 15 tàbí 20, sáfà onídùúró kékeré tó ní prósẹ́sọ̀ kan, irú Dell T140 tàbí HP ML30, ti tó. Bí èyí tó ń jẹ 60 wáàtì bá rọ́pò èyí tó ń jẹ 200, yúnìtì 1.44 ni yóò máa jẹ lójúmọ́ dípò 4.8. Lórí 200 náírà fún yúnìtì kan, ẹ ó máa fi 672 náírà pamọ́ lójoojúmọ́, èyí tó jẹ́ 245,280 náírà ní ọdún kan, ínfátà yín yóò sì lè gbé e fún ìgbà tó pẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ nígbà tí iná bá lọ. Ìṣirò yìí ti sọ ọ̀rọ̀ tó dà bí ìnáwó ńlá di ohun tí yóò dá apá kan owó rẹ̀ padà.

Nígbà tí ẹ bá ń ra tòkunbọ̀, ẹ tàn án, kí ẹ jẹ́ kó ṣiṣẹ́ fún wákàtí mélòó kan kí ẹ tó sanwó tán. Ẹ ka àkọsílẹ̀ ìṣẹ̀lẹ̀ inú iDRAC tàbí iLO, nítorí àṣìṣe RAM tó ń padà wá léraléra yóò hàn níbẹ̀. Ẹ yọ okùn iná kan kí ẹ rí i pé èkejì ń gbé e, kí ẹ sì rí i pé kò sí ọ̀rọ̀ aṣínà ẹlòmíràn lórí BIOS rẹ̀.

Sáfà orí íntánẹ́ẹ̀tì

Kò sí eruku níbẹ̀, kò sí NEPA, kò sí bátìrì tó ń kú. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó tóbi ń gba owó ní dọ́là, àwọn tó sì wà lórí rẹ̀ nígbà tí náírà já wálẹ̀ láti oṣù kẹfà ọdún 2023 rí i bí owó oṣooṣù wọn ṣe fò sókè láìsí pé iṣẹ́ wọn pọ̀ sí i. Ní ọjọ́ 14, oṣù kẹta, ọdún 2024, àwọn okùn abẹ́ òkun mélòó kan já nítòsí Abidjan, íntánẹ́ẹ̀tì sì dàrú káàkiri Nàìjíríà. Lọ́jọ́ bẹ́ẹ̀, ọ́fíìsì tí sáfà rẹ̀ wà nínú yàrá rẹ̀ ṣì lè dá aláìsàn lóhùn. Èyí tí tirẹ̀ wà ní Yúróòpù kò lè ṣe é. Bí ètò yín bá jẹ́ irú èyí tí wọ́n ṣe fún nẹ́tíwọ̀kì inú ilé, tó ń ka fáìlì tààrà, jíjìnnà sáfà yóò tilẹ̀ mú un lọ́ra ju ti àtẹ̀yìnwá lọ. Ohun tí mo rò pé ó dára jù lọ fún níhìn-ín ni ẹ̀dà ìpamọ́ tó ń lọ síbẹ̀ lálaalẹ́, kí jàǹbá iná tàbí olè má bàa kó ohun gbogbo lọ.

Ta ni kí ó mú èwo

Ilé-ẹ̀kọ́ tó ní R720 tàbí Gen8, tí olùkọ́ ń ráhùn ní ìparí táàmù nìkan: ẹ yẹ bátìrì RAID wò, ẹ fi SSD méjì sí i, ẹ gbé innodb_buffer_pool_size sókè, kí ẹ sì fi prósẹ́sọ̀ rẹ̀ sílẹ̀. Bí RAM bá kéré sí 16 GB, ẹ fi kún un ní ọjọ́ kan náà kí ẹ má bàa ṣí i lẹ́ẹ̀mejì.

Ẹgbẹ́ aláfọwọ́sowọ́pọ̀ tàbí ọ́fíìsì kékeré tí owó iná àti epo ti ń bà lẹ́rù: sáfà onídùúró kékeré ló bá yín mu, kí ẹ sì ra SSD sáfà tó dára sínú rẹ̀.

Ilé ìwòsàn àti ilé ìtajà ńlá tí kò lè dúró fún wákàtí kan: ẹ ra ti ọdún 2017 sókè, kí ẹ sọ R720 yín tí ẹ ti fi SSD sí di ìkejì rẹ̀ tó ń gba ẹ̀dà ìpamọ́, kí ó lè gbaṣẹ́ bí ti iwájú bá ṣubú.

Ilé-iṣẹ́ tí àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ wà káàkiri, tí apá kan wà ní Ìpẹru, tí apá kan wà ní Èkó, tí ètò wọn sì jẹ́ èyí tí a ń lò láti ojú ìwé íntánẹ́ẹ̀tì: ẹ lọ sórí sáfà àyálò, ẹ wá èyí tó ń gba náírà, kí ẹ sì ní ìlà íntánẹ́ẹ̀tì méjì láti ọwọ́ ilé-iṣẹ́ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀.

Ẹni tí tirẹ̀ bá sì jẹ́ R710 tàbí DL380 G7, tí wọ́n ṣáájú R720 àti Gen8, tàbí èyí tó dàgbà jù bẹ́ẹ̀ lọ, kó má fi RAM kún un, kó má sì pààrọ̀ prósẹ́sọ̀ rẹ̀. Bí owó sáfà mìíràn kò bá tíì pé, kó ra SSD SATA méjì, kó fi ìyẹn mú un rìn títí owó yóò fi pé, kó sì yọ wọ́n sínú èyí tó bá rà.